Mẹ́dàlì mẹ́rin nínú agolo bisikíìtì: ta ló mọ nǹkan nípa ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì?

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo lọ sí ọjà àlòkù níbí, aago ògiri ni mo ń wá kiri. Ọkùnrin kan pàtẹ ẹrù ilé ẹnì kan tó ti kú: abọ́, ṣíbí, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Mo gbé agolo bisikíìtì kan, ó ń dún wòkòwòkò. Mo ṣí i, mẹ́dàlì mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì mélòó kan àti pépà tí wọ́n ká bíi sìgá. Euro 20 ló pè é. Mo ná an títí, ó fi í sílẹ̀ ní 12. Mo délé, ìyàwó mi ní ṣé mo ti di ọ̀gágun nìyẹn.

Ẹ bá mi wò wọ́n. Àkọ́kọ́ rí roboto, àwọ̀ idẹ ni. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ síbẹ̀ tòun tidà, wọ́n sì kọ "Blank die Wehr, rein die Ehr" sí i. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Hindenburg ló parí rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, "Somme" ni wọ́n kọ sára irin náà. Èkejì jẹ́ àgbélébùú tí idà méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀, 1914 1918 wà láàárín. Ìkẹta tún rí roboto, lẹ́tà W àti adé wà lójú rẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ pín kékeré báyìí, ilé gogoro kan wà lórí òkè, nọ́ńbà 25 wà nísàlẹ̀.

Ìbéèrè mi: kí ni wọ́n? Èló ni wọ́n tó? Ṣé kí n fi Brasso nù wọ́n kí wọ́n lè dán?

Dùǹdún

Ọ̀gá mi, ẹ gbé Brasso yẹn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù kíákíá! Dúdú tó wà lára wọn yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń wá. Tí ẹ bá bó o kúrò, ẹ ti bó owó kúrò lára rẹ̀. Bí eruku bá pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, omi pàápàá ẹ má fi kàn án nítorí rìbọ́ọ̀nù.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Àbúrò, o kú orí ire. Kí o tó ya fọ́tò kankan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yẹ gbogbo wọn wò níwájú, lẹ́yìn àti ní ìdí pín, bóyá àmì àwọn Nazi wà níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ yìí, abala 86a, kò gbà kí èèyàn gbé àmì yẹn han gbangba. O lè tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílé, àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn náà ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ká kàn gbé e sórí Facebook pé "ẹ wo ohun tí mo rà", wàhálà ni. Àwọn oníṣòwò níbí máa ń lẹ bébà bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Pín tó ní ilé gogoro yẹn ni kí o kọ́kọ́ wò. Ẹgbẹ́ kan náà ló ṣe pín kí Hitler tó dé àti lẹ́yìn tó dé.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Ẹ ṣeun mà. Mo ti fi gíláàsì wò wọ́n, kò sí i. Adé, idà àti ewé nìkan ló wà níbẹ̀.

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

Sùúrù, o káre. Láti ọdún 1994 ni mo ti ń kó mẹ́dàlì jọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ti Jámánì ló wá jẹ mí lówó jù. Jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò ní tẹ̀lé bí o ṣe tò ó.

Èyí tó ní W àti adé ló dàgbà jù nínú wọn. Mẹ́dàlì ogun 1870 sí 1871 ni, ogun tí àwọn Jámánì bá Faransé jà. W yẹn ni Wilhelm Kìíní, ọba Prussia, ìpínlẹ̀ Jámánì tó lágbára jù, tí wọ́n fi jẹ Kaiser, ọba gbogbo Jámánì, nígbà tí ogun ń parí lọ. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ iná, kí o máa yí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ni í bá jà lójú ogun, o máa rí "Aus erobertem Geschuetz" níbẹ̀, ìyẹn ni pé ara àgbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ni wọ́n ti rọ mẹ́dàlì náà. Àgbá àwọn Faransé ni wọ́n yọ́. Àwọn tí kò dé ojú ìjà gba tiwọn, irin ni wọ́n fi ṣe é. Ìjọba ló pín méjèèjì.

Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ yẹn ló ní ìtàn nínú jù, ìjọba kò sì lọ́wọ́ sí i rárá. Ẹgbẹ́ ló ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà àtijọ́ ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n máa ń kà sí àkọ́kọ́ ni ti ìlú Wangerin ní Pomerania, ọdún 1786. Àwọn tó ti jagun fún Friedrich ọba Prussia, èyí tí wọ́n ń pè ní Ńlá, ló dá a sílẹ̀. Ìsìnkú ni olórí iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Sọ́jà tó ti darúgbó, tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ bí òkú àlejò. Bó bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé àsíá, wọ́n á fọn kàkàkí, wọ́n á yìnbọn lórí sàréè. Ní 1842, ọba Prussia fi òfin tì wọ́n lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n wá ja ogun 1864, 1866 àti 1870 tẹ̀léra-tẹ̀léra, gbogbo abúlé ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń dá owó fún opó, wọ́n sì ní ilé ọmọ òrukàn.

Deutscher Kriegerbund, àpapọ̀ irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1873. Ní 1896 wọ́n ṣí ilé gogoro ńlá kan lórí òkè Kyffhäuser ní Thuringia, owó tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí dá ló kọ́ ọ, ó ga tó mítà 81. Òun ló wà lára pín rẹ yẹn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni pé Kaiser àtijọ́ kan, Friedrich Barbarossa, ń sùn nínú òkè náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù yí tábìlì ká, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jí. Ní 1900 àwọn ẹgbẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ so pọ̀, wọ́n fi orúkọ òkè náà pe ara wọn, Kyffhäuserbund. Nígbà tó fi máa di 1913, ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó bíi mílíọ̀nù 2.8. Wọn kì í gba ẹni tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, Social Democrat. Bí àṣírí rẹ bá tú pé o dìbò fún wọn, wọ́n á lé ọ, àtọdún tí o ti ń san owó ẹgbẹ́.

Ibi tí mẹ́dàlì rẹ ti wá nìyí. Ní 1918 wọ́n pàdánù ogun, Kaiser sá lọ sí Netherlands. Ìjọba tuntun ṣe òfin ní 1919, abala 109 rẹ̀ sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní àmì ẹ̀yẹ mọ́, ọmọ Jámánì kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ronú sí i. Gẹ̀ẹ́sì ń pín mẹ́dàlì ogun fún àwọn sọ́jà tirẹ̀. Faransé ń pín. Jámánì káwọ́ gbera. Ẹni tó ti gba Iron Cross kí ogun tó parí, ó ní tirẹ̀. Ẹni tó wà nínú kòtò ogun lọ́dún mẹ́rin tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Òfo.

Kyffhäuserbund bá ṣe tiwọn. Ọ̀gbẹ́ni Hosaeus, ẹni tó ń gbẹ́ ère, ló ya á. Ohun tó wà lójú rẹ̀ túmọ̀ sí "ohun ìjà ń dán, iyì kò lábàwọ́n". Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hindenburg, ọ̀gágun àgbà Jámánì nínú ogun náà, ẹni tó jẹ́ ààrẹ ọlọ́lá ẹgbẹ́ náà láti 1919: pé àwọn gbórí sókè jáde nínú ìjà táwọn fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin bá ayé tó kún fún ọ̀tá jà. Wá ibi tó ti sọ pé wọ́n pàdánù. Kò sí. Mo ní mẹ́fà irú rẹ̀ nílé, ìgbà gbogbo tí mo bá mú un ni mo máa ń wá ọ̀rọ̀ yẹn.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Mo rí i o! Etí W yẹn: AUS EROBERTEM GESCHUETZ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lápá kan. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo kà á tán. Àgbá àwọn Faransé wà lórí tábìlì ìjẹun mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sanwó mẹ́dàlì ẹgbẹ́ yẹn?

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

Ẹni tó fẹ́ ẹ náà ni. Ó máa kọ̀wé sí ẹgbẹ́, ó máa fi ìwé iṣẹ́ ológun rẹ̀ hàn pé òun jagun lóòótọ́, ó máa sanwó, wọ́n á fún un ní mẹ́dàlì àti ìwé ẹ̀rí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ Somme sí yẹn, orúkọ ojú ogun ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀tọ̀ ni owó tiẹ̀. Bí o bá jà níbi mẹ́ta, o lè ra mẹ́ta.

Ọ̀gbàgbà

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹni tó ra mẹ́dàlì fún ara rẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí àwọn tó ń ra oyè jẹ nílé wa? Ayédèrú ni lójú tèmi.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Ọ̀gbàgbà, o kò gbọ́ ohun tí Bàbá sọ. Kì í ṣe oyè. Aṣọ ẹgbẹ́ ni. Ta ló ń fún ọ ní aṣọ ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? O máa ra tìrẹ, síbẹ̀ bí o kò bá sí nínú ẹgbẹ́, o kò lè dá a wọ̀ wá. Wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé o jagun. Owó rẹ nìkan kò tó o.

Ọ̀gbàgbà

Mà, mo gbà pé wọ́n béèrè ìwé. Àmọ́ oríṣi mẹ́dàlì ẹgbẹ́ tí mo rí nígbà tí mo wà ní Düsseldorf kò lóǹkà, bí ẹgbẹ́ kan bá ṣe ti ṣe, òmíràn á ṣe tirẹ̀. Ṣé gbogbo wọn ló ń béèrè ìwé?

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

Ibẹ̀ yẹn ni mo gbà fún ọ. Rárá. Láàárín 1919 sí 1933, mẹ́dàlì ẹgbẹ́ pọ̀ bí yanrìn. Àwọn tó jà ní Flanders, lápá Belgium, ṣe tiwọn. Ẹgbẹ́ kan tó pe ara rẹ̀ ní Deutsche Ehrenlegion ṣe tirẹ̀. Bavaria, Saxony àti Württemberg, kálukú ló ní ẹgbẹ́ àti àmì ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ojú ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ lo fi máa mọ ìlú rẹ̀: "In Treue fest", Bavaria nìyẹn, "Furchtlos und treu", Württemberg, "Gott mit uns", Prussia. Àwọn kan ń wádìí ẹni dáadáa kí wọ́n tó fún un. Àwọn mìíràn, owó rẹ ni wọ́n ń wò.

Ohun tí kò jẹ́ kí n pè é ní ayédèrú ni pé àwọn tó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ìjọba kọ́ ló fún wọn. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn.

Dùǹdún

Ọ̀rọ̀ ti di ti àgbà. Èmi ń béèrè nípa àgbélébùú yẹn o. Ọ̀gá mi, ẹ fi irin òòfà kàn án, kí ẹ wò ó bóyá ó lẹ̀.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Mo yọ òòfà ara fíríìjì. Ó fò mọ́ ọn! Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ kò lẹ̀ rárá.

Dùǹdún

Irin ni àgbélébùú yẹn nígbà náà, wọ́n kàn kùn ún ní àwọ̀ idẹ ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dógùn-ún. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, àmì ẹni tó ṣe é á wà níbẹ̀, lẹ́tà kékeré ni.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

"R.V. Pforzheim" ló wà níbẹ̀.

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

Ó pé. Pforzheim ni ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọn. Èyí padà sọ́wọ́ ìjọba. Ní 13 oṣù Keje 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní orúkọ Hindenburg, tó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ó kú. Oríṣi mẹ́ta ni. Ẹni tó jà gba èyí tó ní idà àti ewé laurel. Ẹni tó wà nínú iṣẹ́ ogun ṣùgbọ́n tí kò jà gba èyí tí kò ní idà, ewé oaku ló wà lórí rẹ̀. Dúdú ni ti àwọn opó àti òbí àwọn tó kú. Ohun tó lé ní mílíọ̀nù 6 ni wọ́n fún àwọn tó jà nìkan, ìdí nìyẹn tí kò fi lówó lórí lónìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba kò fẹ́ rí ti ẹgbẹ́ láyà ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé o rí i? Agolo rẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọkùnrin kan náà ló ra ti ẹgbẹ́ ní nǹkan bíi 1920 àti díẹ̀, tó wá gba ti ìjọba lẹ́yìn 1934. Ti 1870 yẹn, ó ní láti jẹ́ ti bàbá rẹ̀ tàbí bàbá bàbá rẹ̀.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí ibẹ̀ ló máa ń dùn mí. Àwọn Júù tó tó 100,000 ló jagun fún Jámánì nígbà yẹn, nǹkan bíi 12,000 ló kú. Ní 1919 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn sọ́jà àtijọ́ tiwọn sílẹ̀, torí àwọn kan ti ń sọ pé wọn kò jà, pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n sá pamọ́ sí. Nígbà tí àgbélébùú 1934 yẹn jáde, àwọn náà kọ̀wé béèrè, wọ́n sì fún wọn. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé ní orúkọ Führer ni wọ́n fi fún wọn. Ní orúkọ Hitler o! Nígbà yẹn, Kyffhäuserbund ti ń lé wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú gíláàsì ní ilé ìtàn kan, mo dúró síwájú rẹ̀ títí olùṣọ́ fi wá bá mi.

Ọmọ_Ifẹ̀_Atakpamé

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń kà yín láti àárọ̀. Ní ìlú tèmi ní Togo, ọ̀rọ̀ ogun Jámánì kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè. Kamina kò jìnnà sí Atakpamé. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà aláìlókùn ńlá sí, òun ni wọ́n fi ń bá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà. Nígbà tí àwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bọ̀, àwọn Jámánì fúnra wọn ló wó o lóru 24 mọ́jú 25 oṣù Kẹjọ 1914, wọ́n túúbá ní ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà wa ṣì ń fi ibẹ̀ han ọmọdé.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn tó lọ jagun ní ilẹ̀ àmúsìn náà ní mẹ́dàlì tiwọn. Erin ló wà lórí rẹ̀, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn erin náà, "Südsee, Afrika, Kiautschou", orúkọ ibi tí ilẹ̀ àmúsìn wọn wà, ni wọ́n kọ sí i. 1922 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí kò sí ilẹ̀ àmúsìn kankan lọ́wọ́ wọn mọ́! Ilẹ̀ ti lọ tán kí wọ́n tó ṣe mẹ́dàlì fún un. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ń tà ní Brussels, mo yí i padà, mo gbé e sílẹ̀.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Ọmọ Ifẹ̀, o ṣeun. Ṣé o mọ ìtàn Bayume Mohamed Husen? Ọmọ Dar es Salaam ni, 1904 ni wọ́n bí i. Ọmọdé ni nígbà tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì lọ sójú ogun ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó ṣe, ó wá sí Berlin, ó ń ṣe wétà, ó ń kọ́ wọn ní Swahili. Ní 1934 ó kọ̀wé béèrè àgbélébùú tó wà lọ́wọ́ Sùúrù yìí. Wọ́n kọ̀ fún un, ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ gbà á. Inú àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Nazi ní Sachsenhausen ló kú sí ní oṣù Kọkànlá 1944. Òkúta kékeré tí wọ́n fi ń rántí irú wọn wà nílẹ̀ níwájú ilé tó gbé ní Brunnenstraße.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Mà, mo gbé àgbélébùú náà sílẹ̀ nígbà tí mo ka èyí.

Ọ̀gbàgbà

Háà.

Dùǹdún

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ má bínú. Ọ̀gá béèrè èló. Èmi náà ti jìn sọ́fìn ayédèrú rí. Mo ra Kyffhäuser kan lórí ayélujára lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ti 1922 ni, euro 45. Ó dé, ó fúyẹ́ bí ọmọrí ìgò mínírà, irun jagunjagun náà ti yọ́ pọ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Ẹni yẹn kò dá mi lóhùn títí dòní. Èyí tó dáa, kò yẹ kó ju 10 sí 20 lọ ní ọjà àlòkù, bí ìwé rẹ̀ bá wà ló ń gun òkè. Àgbélébùú 1934 náà wà ní bẹ́ẹ̀. Ti 1870 lè gbówó ju wọ́n lọ díẹ̀. Euro 12 fún gbogbo rẹ̀, ẹ jèrè.

Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkankan, ẹ má fi í sínú ọ̀rá tó ń mú ooru. Àpò bébà ló dáa.

Ẹlẹ́sìn_Kẹ̀kẹ́, Köln

Ìbéèrè kékeré: ṣé ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà?

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ti rí. Ní 1938 wọ́n sọ ọ́ di NS-Reichskriegerbund, àmì Nazi gorí gbogbo nǹkan rẹ̀. Ní 1943 Hitler fúnra rẹ̀ tú u ká. Lẹ́yìn ogun, àwọn ìjọba tó ṣẹ́gun ní kí ẹnikẹ́ni má dá ẹgbẹ́ sọ́jà àtijọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ mẹ́dàlì pẹ̀lú. Ní 1952 ni wọ́n tún un dá ní Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì, lónìí ìdíje ìbọn yíyìn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ní 1957 òfin tuntun gbà kí àwọn tó jagun máa wọ mẹ́dàlì ogun kejì, bí wọ́n bá ti yọ àmì Nazi kúrò lára rẹ̀. Wọ́n tún wọn rọ láìsí àmì náà, kí o ṣọ́ra fún ìyẹn bí o bá ń ra ti ogun kejì.

Ẹlẹ́sìn_Kẹ̀kẹ́, Köln

Mo béèrè nítorí pé ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ṣe sọ́jà rí, ó ní pín kan tó ń fi sára kóòtù, Veteranenabzeichen ló pè é. Ó ní ìjọba ló fún òun.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Bẹ́ẹ̀ ni, 2019 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ ológun ló ń fúnni. Wọ́n ti ya 15 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti ṣe sọ́jà rí báyìí, 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

Sùúrù, pépà tó wà nínú agolo ńkọ́? Láti àná ni mo ti ń dúró. Má fà á tu o. Gbé e sí ilé ìwẹ̀ nígbà tí ooru omi gbígbóná bá kún ibẹ̀, jẹ́ kó rọ̀ fúnra rẹ̀, kí o tó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìwé ńlá.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Bàbá, bí táǹkì bá kán omi sí i ńkọ́? Kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnnì nígbà tí wọ́n bá ń se ìrẹsì, ó tó.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Ìrẹsì ni mo tẹ̀lé, ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti tẹ́. Ìwé ẹ̀rí Kyffhäuser ni lóòótọ́. Orúkọ wà níbẹ̀, ó ṣe kedere, n kò ní kọ ọ́ síbí. Gefreiter ni, Infanterie-Regiment 107. Sítáǹpù ẹgbẹ́ abúlé kan wà nísàlẹ̀, kò jìnnà síbi tí mo ń gbé, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá_Onímẹ́dàlì, Peckham

107! Leipzig níbẹ̀ ni bárékè wọn wà. Ó bá Somme yẹn mu, ìpín tiwọn wà níbẹ̀ ní 1916. Gefreiter kò tó nǹkan, oyè kékeré tó tẹ̀ lé ti sọ́jà lásán ni. Irú ẹni tí ìjọba kò rántí fún ní nǹkan nìyẹn.

Ìwé yẹn ni kí o tọ́jú jù. Láìsí i, mẹ́dàlì lásán ni. Tòun tìwé, ènìyàn kan ni. Má tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá_Àdùkẹ́, Hamburg

Wá orúkọ rẹ̀ nínú Verlustlisten, ìwé tí wọ́n fi ń kéde àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ nígbà ogun náà. Gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ìran wọn ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ àpèlé rẹ̀ àti orúkọ abúlé ni kí o fi wá a. Fún ti Prussia, ìwé àwọn ọmọ ogun wọn jóná ní Potsdam ní 1945, ṣùgbọ́n Saxony ni tìrẹ, Dresden ni kí o kọ̀wé sí bí o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú.

Bó bá yá, lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà. Òkúta àwọn tó kú ní 1914 sí 1918 máa ń wà lára ògiri rẹ̀. Bó ṣe gba ìwé yìí, òun kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n o lè bá orúkọ àpèlé rẹ̀ lára àwọn arákùnrin rẹ̀.

Sùúrù_Lérè, Leipzig

Ẹ̀yin ará, mo rí i. Aago méjì òru ni mo rí i. Orúkọ, abúlé, lẹ́yìn náà "leicht verwundet", ó fara gbọgbẹ́ díẹ̀. Àti ẹlòmíràn lókè rẹ̀, orúkọ àpèlé kan náà, abúlé kan náà, "gefallen".

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ màá dúró níbi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kí n wò ó. Mẹ́dàlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìwé ti wà nínú àpò bébà, bí Dùǹdún ti sọ. Agolo ńkọ́? Ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́, ó ti da chin-chin sí i.